Ìdí Tí Orúkọ Fáìlì Fi Ń Pẹ́ Kí Ó Tó Hàn: Dírááìfù Àjọlò àti Ìpamọ́ Lítíréṣọ̀ Alohùn



Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde lónìí láti sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. N kò wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí ó mú mi dá sí i ni pé lítíréṣọ̀ alohùn tí àwa àti àwọn tí ó ṣáájú wa gbà sílẹ̀ sórí fọ́nrán àti kásẹ́ẹ̀tì kò sí lórí pẹpẹ mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni ó wà. Ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó, iwì egúngún, ẹsẹ Ifá, gbogbo wọn ti di fáìlì, a sì ti kó wọn sí ojú kan ṣoṣo, sórí kọ̀ǹpútà àgbà tí wọ́n ń pè ní sáfà, èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ẹ̀ka yìí ń gba ojú wáyà kàn sí. Ojú kan náà ni à ń pè ní dírááìfù àjọlò: a jọ ni ín, a jọ ń lò ó. Bí ó bá ń dá wa dúró, iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó ń dá dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ìjálá. Ó ṣí fódà tí a kó ìjálá sí. Fèrèsé ṣí, ṣùgbọ́n funfun báláú ni inú rẹ̀. Orúkọ mélòó kan jáde, wọ́n dúró. Òmíràn jáde, wọ́n tún dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè jáde lọ mu omi kí ó sì padà dé kí àtòjọ náà tó pé. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ orúkọ fáìlì kan àti ojú ọ̀nà rẹ̀ ní pípé fún akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, lójú ẹsẹ̀ ni fáìlì náà yóò ṣí, tí oníjàálá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá.

Ohun tí ó yẹ kí ó rú wa lójú nìyẹn. Ààbọ̀ wákàtí ohùn, bí a bá gbà á sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe àwo síídì, ju mẹ́gábáìtì 300 lọ. Ká ní fáìlì 12,000 ni ó wà nínú fódà kan, tí orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 100, gbogbo orúkọ náà lápapọ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 1 àti díẹ̀ lọ. Báwo ni ẹrù wúwo ṣe ń tètè dé, tí ẹrù fífúyẹ́ ń pẹ́ lọ́nà? Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí kí a máa fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà wa ń ṣe gan-an nìyẹn: ó lè ru erin, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di ẹni tí ń wa ìrẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà ẹgbẹ̀rún méjìlá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ nínú ìpàdé, èsì méjì ni ó sábà máa ń jáde. Àwọn kan á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò yára, kí a ra ọ̀nà tí ó fẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn á ní sáfà ti gbó, kí a ra tuntun. N kò sọ pé ẹ̀rọ kì í gbó. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá rán ọmọ lọ sí ọjà pé kí ó ra ata wá, tí ọmọ náà ra ata dé, tí ìyá tún ní kí ó padà lọ ra iyọ̀, tí ó ra iyọ̀ dé, tí a tún rán an ní epo, tí a tún rán an ní irú, kì í ṣe fífẹ̀ ọ̀nà ọjà ni yóò mú kí ọbẹ̀ tètè jinná. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń rin ọ̀nà náà. Iye ìgbà tí ó lọ tí ó bọ̀ ni kí a kà.

Ẹ jẹ́ kí a kà á. Ká ní nínú ilé kan, àlọ àti àbọ̀ ìbéèrè kan láàárín kọ̀ǹpútà àti sáfà jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí fáìlì kọ̀ọ̀kan bá gba ìbéèrè mẹ́rin, fáìlì 12,000 yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 48. Ó ṣeé fara dà, bí inú kò tilẹ̀ dùn sí i. Ṣùgbọ́n ká ní ojúgbà wa kan tí ó wà ní London ni ó ń wo fódà kan náà. Láti Èkó dé London tó kìlómítà 5,000. Nǹkan bí kìlómítà 200,000 ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú okùn onígíláàsì abẹ́ òkun ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kan kò lè dín ní ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, bí okùn náà bá tilẹ̀ tọ́ bí ọ̀pá. Ìbéèrè mẹ́rin lórí fáìlì 12,000 di ogójì ìṣẹ́jú. Kò sí owó tí a lè san tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni kọ̀ǹpútà ń béèrè tó bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni orúkọ fáìlì, ọ̀tọ̀ ni ìròyìn nípa fáìlì. Nínú Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969, orúkọ àti nọ́ńbà kan ni fódà ń pa mọ́. Bí fáìlì ti tóbi tó, ẹni tí ó ni ín, ọjọ́ tí a fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn, ibòmíràn ni gbogbo wọn wà, níbi tí nọ́ńbà náà tọ́ka sí. Ẹni tí ó tẹ àṣẹ ls lásán ń béèrè orúkọ. Ẹni tí ó tẹ ls -l ń béèrè ìròyìn, ẹ̀rọ yóò sì máa tọ fáìlì lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ls lásán pàápàá yóò kọ́kọ́ kó gbogbo orúkọ jọ kí ó lè tò wọ́n ní ti lẹ́tà, kí ó tó fi ẹyọ kan hàn wá. Bí a bá ní kí ó má tò wọ́n, pẹ̀lú ls -f, wàhálà títò yẹn kúrò.

Windows tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlànà tirẹ̀ ń kó orúkọ, ìwọ̀n àti ọjọ́ wá pa pọ̀ ní ìdì ní ìdì. Bí ó bá mọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n fèrèsé tí ó ń fi fódà hàn wá a máa tọ pinpin. Bí ó bá rí i pé fáìlì ohùn ni ó pọ̀ jù nínú fódà kan, ó lè gbà pé orin ni, kí ó sì fẹ́ kọ àkọlé orin, orúkọ olórin, orúkọ àwo àti gígùn orin sí ọwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú fáìlì fúnra rẹ̀ ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ó di dandan kí ó ṣí fáìlì, kí ó kà nínú rẹ̀, kí ó pa á dé, kí ó bọ́ sí orí èkejì. Bí ètò ìdènà fáírọ́ọ̀sì bá wà lórí kọ̀ǹpútà náà, òun náà yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà láti yẹ fáìlì tí a ṣí wò. Gbogbo ìyọnu yìí ni a ń ṣe láti béèrè orúkọ àwo lọ́wọ́ ìjálá tí a gbà sílẹ̀ ní ojúbọ Ògún! Òfìfo ni ọwọ̀n náà sì wà lẹ́yìn gbogbo ìdúró.

Àwọn tí ó ṣe àwọn ìlànà wọ̀nyí kì í ṣe aláìgbọ́n. SMB, tí Windows fi ń bá dírááìfù àjọlò sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Barry Feigenbaum ní IBM ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Sun Microsystems ṣe NFS tiwọn ní 1984. Ilé kan àti wáyà kúkurú ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí ọ̀nà gùn sí i, wọ́n wá àtúnṣe. Ní 1995, ẹ̀dà kẹta NFS mú ìbéèrè kan wá tí ó lè kó orúkọ àti ìròyìn bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2006, SMB ẹ̀dà kejì, tí ó bá Windows Vista dé, dín oríṣi àṣẹ tí ó ti ju 100 lọ kù sí 19, ó sì jẹ́ kí a lè di ìbéèrè púpọ̀ sínú ẹrù kan. Ẹ kíyè sí i pé iye ìrìn-àjò ni wọ́n ń dín kù. Ṣùgbọ́n bí ètò tí ó wà lójú fèrèsé bá tún ń ṣí fáìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgbọ́n tí a fi sí ìsàlẹ̀ ti já sí asán ní òkè.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa onímọ̀ èdè Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ, èyíinì ni orúkọ fúnra rẹ̀. Lẹ́tà ọ̀, tí ó ní àmì lábẹ́ tí ó tún ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú Unicode. A lè kọ ọ́ bí ọ àti àmì ohùn. A sì lè kọ ọ́ bí o, àmì abẹ́ àti àmì ohùn. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n sáfà tí ń lo Linux kò ní ojú. Nọ́ńbà ni ó ń kà. Kọ̀ǹpútà Apple tí ó ń lo HFS+, kí APFS tó dé ní 2017, a máa tú àmì kúrò lára lẹ́tà kí ó tó fi orúkọ pa mọ́. Windows kì í tú u. Bí a bá ti kọ ọ́ ni yóò ṣe gbà á. Nítorí náà, bí olùkọ́ kan bá ti orí Apple ṣe fódà tí ó pè ní Ògún, tí òmíràn ti orí Windows ṣe Ògún tirẹ̀, Ògún méjì lè wà lórí sáfà, tí wọn yóò jọra bí ìbejì. Ẹni tí ó bá ṣí ọ̀kan yóò rí ìdajì iṣẹ́, yóò sì rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan ní ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a pa gbogbo àmì rẹ́. Mo lòdì sí i pátápátá. Bí a bá kọ Ogun láìlámì sí ara fáìlì, ṣé Ògún òrìṣà ni, tàbí ogun tí à ń jà, tàbí ogún tí à ń jẹ, tàbí Ògùn tí í ṣe odò? Nínú àkójọ ìjálá, kò sí èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ó fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ yóò ní láti ṣí fáìlì gbọ́. A ti tún dá ìrìn-àjò sílẹ̀ nìyẹn, ènìyàn sì ni ó ń rìn ín báyìí. Ohun tí ó tọ́ ni kí a fẹnu kò lórí ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ó máa gbà kọ àmì, kí ètò kékeré kan sì yí gbogbo orúkọ tí ó wà nílẹ̀ sí ọ̀nà náà. Òtítọ́ ni pé àmì ń gbà wá láyè. Ọ̀ ń gba báìtì 5 ní UTF-8, o lásán sì ń gba 1. Níwọ̀n bí Linux kì í ti í sábà gba orúkọ tí ó ju báìtì 255 lọ, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ 51 péré ni ó lè wà nínú orúkọ kan. Ó burú pé èdè wa ń san owó bodè tí Gẹ̀ẹ́sì kì í san, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iye owó náà yóò kọ orúkọ kúkurú, kò ní torí rẹ̀ sọ èdè rẹ̀ nù.

Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré náà ní wàhálà tirẹ̀. Lójú Windows, OGUN, Ogun àti ogun jẹ́ orúkọ kan. Lójú Linux, mẹ́ta ni wọ́n. Samba, tí Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ ní Australia tí ó sì kọ́kọ́ jáde ní 1992, ni ó dúró láàárín àwọn méjèèjì bí ògbufọ̀. Bí a bá bi í ní orúkọ kan tí kò sí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ní láti ka gbogbo fódà látòkè délẹ̀ kí ó tó lè búra pé irú rẹ̀ kò sí ní lẹ́tà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí fífi fáìlì kan ṣoṣo kún fódà ńlá fi lè pẹ́ bí ẹni ń fi òkúta kún òkè. Ìwé ìlànà Samba ní àtúnṣe fún èyí: kí gbogbo orúkọ inú fódà ńlá bẹ́ẹ̀ wà ní irú lẹ́tà kan, kí a sì sọ fún Samba pé kí ó má wá èyí tí ó yàtọ̀.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba Ifá, ṣùgbọ́n tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, nítorí ó ti di àṣà àwọn kan láti máa pe Ifá ní kọ̀ǹpútà, n kò sì sí lára wọn. Ifá ni Ifá ń jẹ́. Ọ̀nà tí a gbà tò ó nìkan ni mo fẹ́ kí a wò. Ojú Odù jẹ́ 16, ọmọ Odù jẹ́ 240, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Nígbà tí babaláwo bá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀, kì í ka orúkọ 256 láti orí Ogbè Méjì títí dé Òfún Méjì kí ó tó mọ èyí tí ó jáde. Apá ọ̀tún fi ọ̀kan hàn nínú 16, apá òsì fi ọ̀kan hàn nínú 16, ó sì ti mọ ibi tí ó wà. Nínú Odù yẹn nìkan ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ. Bí àwọn baba wa bá ti kó gbogbo ẹsẹ Ifá sínú àpò kan ṣoṣo, ta ni ì bá lè rántí wọn?

Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí a bá pín fáìlì 12,000 sí fódà 120, kí fódà kọ̀ọ̀kan gba 100, ẹni tí ó ń wá ọ̀kan yóò rí orúkọ 120, lẹ́yìn náà yóò rí 100. Ìwọ̀nyí jẹ́ 220. Bí ìbéèrè kan péré bá wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojúgbà wa ní London yóò fi ìṣẹ́jú-àáyá 11 rí ohun tí ì bá gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ẹ̀rọ tuntun kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí fódà wọnú fódà ní àsọdá o, nítorí ọ̀pọ̀ ètò Windows ni kò gba ojú ọ̀nà tí ó ju lẹ́tà 260 lọ, ó sì ń ka àmì ohùn tí ó dá dúró bí lẹ́tà.

Ewu tí ó wà nínú ìdádúró yìí ju ìbínú lásán lọ. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́ẹ̀mejì kò ní dúró lẹ́ẹ̀kẹta. Yóò kó àwọn fáìlì tí ó nílò sínú fúláàṣì, yóò gbé wọn lọ sílé, yóò sì fún wọn ní orúkọ tí ó rọrùn fún un. Fáìlì tí ó ń jẹ́ orúkọ apohùn, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di "ìjálá kìíní", "ìjálá tuntun", "ìjálá tuntun gan-an". Ó gé ibi tí ó fẹ́ lò, ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò ó nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀. Nígbà tí olùyẹ̀wò bá béèrè pé ohùn ta ni, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn apohùn wọ̀nyí ti lọ. Wọ́n fún wa ní ohùn wọn, owó táṣẹ́rẹ́ ni a fún wọn, àdéhùn tí ó wà láàárín wa ni pé orúkọ wọn kò ní parẹ́ lára iṣẹ́ wọn. Nínú oríkì, kò sí akéwì tí í pe orúkọ ẹni láìso ohun tí ẹni náà jẹ́ mọ́ ọn. Àwa ni a wá ń gé ohùn kúrò lára ẹni tí ó ni ín.

Èyí ni mo ṣe ń bẹ Olórí Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ pé kí owó tí a fẹ́ fi ra sáfà tuntun dúró ná. Kí a kọ́kọ́ pín fódà ńlá náà sí wẹ́wẹ́, ní ti oríṣi ohùn àti ní ti ìlú. Kí a sọ fún Windows, nínú ètò fódà kọ̀ọ̀kan, pé ohun gbogboogbò ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe orin. Ó ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a ṣe ìwé àkọsílẹ̀ kan, fáìlì kan ṣoṣo tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ yóò ní orúkọ apohùn, ìlú, ọjọ́, ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, àkóónú rẹ̀ ní ṣókí, àti ojú ọ̀nà fáìlì náà ní pípé. Ìlà 12,000, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 300, kò tó mẹ́gábáìtì 4. Ẹ̀ẹ̀kan ni kọ̀ǹpútà yóò gbé e wá, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá ohun tí ó ń wá nínú rẹ̀, yóò sì tọ fáìlì kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa ní ayé kásẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n: ìwé àkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì, nọ́ńbà wà lára kásẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni kì í tú pẹpẹ.

Ojúgbà mi kan ti bi mí pé ṣé ẹ̀rọ ìwárí kò lè ṣe gbogbo èyí fún wa. Bí sáfà bá ti ka gbogbo fáìlì sílẹ̀ ṣáájú, ó lè ràn wá lọ́wọ́. Bí kò bá tíì kà wọ́n, ìwárí náà yóò tún wọ inú fódà lọ máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó sì ṣòro jù, ìwárí kò lè rí orúkọ tí ẹnì kankan kò kọ. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú àkójọ wa tí nọ́ńbà nìkan ni ó wà lára wọn. Ènìyàn ni yóò jókòó gbọ́ wọn, yóò sì wá ẹni tí ó dá ohùn náà mọ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn apohùn wọ̀nyí ṣì wà láàyè. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Mo dábàá pé àwọn fáìlì aláìlórúkọ wọ̀nyí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì méjì gbé wọn tọ àwọn àgbà náà lọ ní ìsinmi tí ń bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùn àti ìwé ìkọ̀wé, kí a sì kọ orúkọ tí wọ́n bá pè sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.